Àgádágodo Pupa Verlin Stolz

Ìwọ tí ìlú ń pè ní ẹni rere, dúró ná, ọ̀rọ̀ rẹ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀mùtí àti olè ti ní ìwé ìwàásù tiwọn. Èyí jẹ́ ti ẹni tó ń lọ sí ọ̀run àpáàdì, tí àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́ fún un lójú ọ̀nà.

Ní ìlú Dunmore, ní ìpínlẹ̀ Nebraska, kò sí ẹni tí kò mọ Verlin Stolz, oníṣẹ́ iná. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń fa wáyà sínú ilé àti abà wọn. Nígbà tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa, tí dókítà kó lọ, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń ya lọ sí ìlú ńlá Omaha bí ẹni tí iná ń lé, Verlin bọ́ síta, ó ní òun máa du ipò aṣòfin.

"Àwọn lọ́yà ti ṣe é tó," ó wí. "Ẹ rán ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí lọ."

Òótọ́ ló sọ. Àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Òun náà sì fẹ́ràn ara rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ.

Emmett Kubik, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tó ń ṣiṣẹ́ ní àká àgbàdo ìlú náà, nìkan ló ń bá a wí.

"Verlin, o fẹ́ jí ìlú tó ti kú dìde. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, ta ni yóò jí ọ?"

"Kubik, lọ wàásù fún àgbàdo rẹ. Òun ni kò lè dìde fi ọ́ sílẹ̀."

"Àgbàdo pàápàá ń kú kó tó hù, ọ̀rẹ́ mi."

"Kó kú jẹ́ẹ́, kó má yọ mí lẹ́nu."

Àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ ní òfin kan. Kí ẹnikẹ́ni tó ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ, oníṣẹ́ iná yóò pa iná rẹ̀, yóò sì fi àgádágodo pupa tirẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, ti ibi tí wọ́n ti ń tan án. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló ní, inú àpò rẹ̀ ló sì ń gbé. Verlin ló kọ́ ìdajì àwọn oníṣẹ́ ìlú ní òfin yìí. "Àgádágodo rẹ ni ẹ̀mí ọ̀rẹ́ rẹ," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí fún wọn.

Nígbà tí ìdìbò ku ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn kan ń já pátákó ìpolongo rẹ̀ kiri. Inú bí i. Ó fi ẹ̀wọ̀n de èyí tó tóbi jù mọ́ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n tì pa náà, ó sì fi àgádágodo pupa rẹ̀ tì í. Ó wo orúkọ ara rẹ̀ lókè, ó wo orúkọ ara rẹ̀ nísàlẹ̀, inú rẹ̀ dùn.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ tó ń gbé àgbàdo sínú àká há. Ìkórè ti dé, ọkọ̀ àgbàdo tò dé ojú títì. Wọ́n pe Verlin. Ó sì ní ìpàdé ìpolongo lọ́sàn-án ọjọ́ náà, níbi tí àwọn panápaná ti ń din páńkéèkì, àkàrà òyìnbó pẹlẹbẹ, fún ìlú. Ó pa iná ẹ̀rọ, ó na ọwọ́ sí ìgbànú rẹ̀, kò bá àgádágodo. Ilé ẹ̀kọ́ náà kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

"Ṣé o ti tì í?" Emmett béèrè.

"Mo ti tì í. Ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, jàre, àwọn èèyàn ń dúró dè mí."

Emmett kò lọ wò ó. Ta ló ń yẹ ọ̀rọ̀ Verlin wò? Marlys Benda, opó tó jẹ́ akọ̀wé níbẹ̀, rí i pé kò sí àgádágodo kankan, ó rò pé iṣẹ́ ti parí, ó tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà gé apá ọ̀tún Emmett láti ìgúnpá.

Wọ́n bi Verlin. Ó ní òun ti tì í, pé àfi kí Marlys ti fi ayùn gé àgádágodo òun nítorí àwọn ọkọ̀ tó ń dúró. Wọ́n gbà á gbọ́. Wọ́n lé Marlys lẹ́nu iṣẹ́. Verlin wá ń gbé ọ̀rọ̀ apá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kiri orí pèpéle: "Ẹ̀mí wa kò jọ àwọn olówó tó ni àká yìí lójú." Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ojoojúmọ́ sì ni gbogbo ìlú ń gba iwájú ilé ẹ̀kọ́ kọjá, kò sì láyà láti lọ ṣí àgádágodo náà, kí wọ́n má bàa rí i.

Ó lọ kí Emmett nílé ìwòsàn.

"Ara ńkọ́?"

"Ọwọ́ tí kò sí mọ́ ló ń dùn mí. Jókòó. Ìyàwó mi rí àgádágodo rẹ lára ọgbà ilé ẹ̀kọ́."

Verlin kò gbé ojú sókè. "Ta lẹ ti sọ fún?"

"Wo ìbéèrè tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ. A kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ti apá mi, mo ti dárí rẹ̀ jì ọ́. Ṣùgbọ́n Marlys wá síbí lánàá. Ó ní òun kò gé nǹkan kan, àmọ́ wọ́n ti wí i títí òun fi ń ṣiyèméjì ara òun. Verlin, Jésù ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìwọ gbé tìrẹ ru opó."

"Bí mo bá jẹ́wọ́, ìdìbò bọ́ nìyẹn. Ta ni yóò wá gba ìlú yìí là?"

"Òpùrọ́ tó ti wà ńlẹ̀ fún ìlú yìí ti tó. Iṣẹ́ ìgbàlà ti ní ẹni tó ń ṣe é. Òun ni kí o bá sọ̀rọ̀."

Verlin wa ọkọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà tààrà. Ó di àgádágodo náà mú, kò sí àpá ayùn kankan lára rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló ń wò ó lójú. Ọgbọ̀n ọdún iṣẹ́ rere fò lọ bí èèpo àgbàdo. Ó kúnlẹ̀ sínú koríko, ní ọ̀sán gangan, ojú ọ̀nà tí gbogbo ìlú ń gbà. "Olúwa, èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe ẹlòmíì. Nítorí ẹ̀jẹ̀ Ọmọ rẹ, gbà mí." Nígbà tó ṣí i, pátákó náà ṣubú. Kò gbé e dìde.

Níbi ìpàdé tó kẹ́yìn, ó gbé àgádágodo náà sórí tábìlì. "Èyí ni mo ní wọ́n gé. Ẹ wò ó. Irọ́ ni mo pa mọ́ Marlys Benda." Àgbẹ̀ arúgbó kan dé fìlà rẹ̀. "Verlin, ìbò mi kọ́ lo jí o, ọkàn mi ni." Wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó fìdí rẹmi. Wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ṣì wà ní títì, àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń lọ. Marlys padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n títí di òní kì í dá a lóhùn bó bá kí i. Apá Emmett kò hù. Láràárọ̀, Verlin ló ń lọ bá a di bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. Ó sì ń sùn lóru bí ọmọ tí wọ́n ti wẹ̀.

Ìwọ ńkọ́? Má sọ fún mi pé o kì í mutí. Verlin náà kì í mu ún. Má ka iṣẹ́ rere rẹ fún mi, tirẹ̀ pọ̀ ju tìrẹ lọ. Ta ló ń ru ẹ̀bi rẹ kiri? Ìyàwó rẹ ni? Ọmọọṣẹ́ rẹ ni? Ohun tí o fi pamọ́, orúkọ rẹ wà lára rẹ̀. Èèyàn ń kọjá níwájú rẹ̀ láì wò ó, Ọlọ́run kò kọjá.

Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí. Sọ ọ́: "Olúwa, èmi ni mo ṣe é." Jésù kò ní lé ọ. Lẹ́yìn náà, dìde, lọ bá ẹni náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Má ní ó di ọ̀la. Ọwọ́ rẹ wà nínú ẹ̀rọ, kò sì sí àgádágodo tí wọ́n ń fi ti ikú.