Orin Kan Tí Wọn Ò Fọwọ́ Kàn

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, orin Olórin ti pòórá lórí ìkànnì tí ayé ti ń gbọ́ ọ. Kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Ìkìlọ̀ kúkurú ló bá níbẹ̀: olùgbọ́ ayédèrú ti pọ̀ jù, a ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó bẹ̀ lọ́wẹ̀ ti dàgbà, kì í sì í rẹ́rìn-ín lásán. Ó fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ gan-an, ọmọ mi?"

"Ohùn ẹ̀gbọ́n mi, sà. Òun ló bá mi gbe 'Má Pẹ́ Lọ́nà' kó tó kú. Sítúdíò tá a ti ká a sílẹ̀ ti jóná. Orí ìkànnì yẹn nìkan ló kù sí. Wọ́n ní tí mo bá fi hàn pé ọ̀tá ló ṣe é, àwọn á dá a padà. Tó bá jẹ́ èèyàn mi ni, ó tán."

Àtẹ àwọn olùgbọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wò ó títí ojú fi ń ta á. Àwọn ayédèrú ò ṣòro láti mọ̀. Wọ́n á gbọ́ orin fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú péré, kí ìkànnì lè kà á, wọ́n á sì fò bọ́ sórí òmíràn. Ìlú yìí kan náà ni gbogbo wọn wà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìsìnkú ẹ̀gbọ́n Olórin ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Oríṣiríṣi fóònù ni: èyí á gbọ́ ọ fún ọjọ́ mélòó kan, á lọ láìpadà, òmíràn á sì gba ipò rẹ̀. Wọn ò fọwọ́ kan "Má Pẹ́ Lọ́nà" rárá.

"Ta lo fura sí?"

"Máníjà mi. Àti Ìjì." Ìjì ni olórin tí wọ́n jọ ń du ipò.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ lọ bá àwọn méjèèjì. Máníjà gbé ẹsẹ̀ sókè kí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ lè rí ihò tó wà nídìí bàtà rẹ̀. "Ọ̀gá, ṣé bàtà ẹni tó ń ra olùgbọ́ nìyí? Tó bá tiẹ̀ jẹ́ èmi, 'Má Pẹ́ Lọ́nà' ni mà á kọ́kọ́ tì síwájú. Òun nìkan ló ń pa èèyàn lẹ́kún."

Ìjì ò tiẹ̀ gbójú kúrò nínú dígí. "Ṣé mà á kọ́kọ́ gbé ọ̀tá mi ga kí n tó gbé e ṣubú ni? Bàbá, ọ̀nà kúkurú wà o."

Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì bọ́gbọ́n mu. Ta ni fóònù ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, tí kì í ṣe tirẹ̀? Ta ni orin kan ṣoṣo ń bà lẹ́rù?

"Ọmọ mi, iṣẹ́ wo ni bàbá yín ń ṣe?"

Olórin dá a lóhùn: "Wọ́n ń tún fóònù ṣe."

Ṣọ́ọ̀bù bàbá tí Olórin mú un lọ há, òórùn òjé yíyọ́ sì gba inú rẹ̀. Fóònù àwọn oníbàárà tò sórí pẹpẹ, ṣájà wà lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú wọn ń tàn láìdún. Obìnrin kan wá gba tirẹ̀. Bàbá Olórin yí ohùn fóònù náà sókè, ó tẹ orin ọmọ rẹ̀ bó ti máa ń ṣe kí oníbàárà tó lọ. Kò dún.

"Bàbá, kò tíì dáa ni?"

"Ó ti dáa. Orin ni kò sí."

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní, "Bàbá Olórin, fóònù oníbàárà lẹ fi ṣe é. Tí ẹ bá tún un ṣe tán, ẹ ó pa á lóhùn, á máa kọrin lórí pẹpẹ títí ẹni tó ni ín á fi dé."

Bàbá ò jiyàn. Ó gbé irin gbígbóná sílẹ̀, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Lẹ́yìn tá a sin ẹ̀gbọ́n ẹ, o ní o ò kọrin mọ́, o ní ta ló ń gbọ́. Mo fẹ́ kó o rí i pé wọ́n ń gbọ́. Ọ̀kan ti lọ. Mi ò fẹ́ kí èkejì dákẹ́ lójú mi."

Olórin yíjú sí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. "Sà, ẹ ò kàn lè sọ pé Ìjì ni?"

Ó mi orí. Òun náà ti sin ọmọ rí. Irọ́ ò jí i dìde.

Olórin na ọwọ́ sí pẹpẹ. "Bàbá, nínú gbogbo fóònù yìí, ẹ ò tọ́jú ohùn ẹ̀gbọ́n mi sínú ẹyọ kan?"

"Mi ò lè gbọ́ ọ," ni bàbá wí. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ tọ́jú ẹ̀?"

Lórí pẹpẹ, àwọn fóònù ṣì ń tàn, wọ́n ń wá orin tí kò sí.