Ta Ló Gé Wáyà Iná Ẹ̀yìn Dọ̀tun?

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n fi ìwé pélébé yìí lé lọ́wọ́, jọ̀ọ́, má tíì fi pọ́n ẹ̀pà. Kọ́kọ́ gbọ́ ti Dọ̀tun ná.

Olúwadọ̀tun ń gbé ní Ìgàndò. Ó ní píkọ́ọ̀pù àlòkù kan tó fi ń bá àwọn tó ń kó kúrò nílé kan lọ sí òmíràn kó àga, bẹ́ẹ̀dì àti fìríìjì. Ọkọ̀ náà gbó débi pé bí ẹnì kan bá sọ pé Nóà ló kọ́kọ́ wà á, n kò ní jiyàn. Bí Dọ̀tun bá ṣáná sí i ní Ìgàndò, àwọn ará Ìkòtún á rò pé àrá ló ń sán, wọ́n á sáré lọ ká aṣọ.

Bí ọkọ̀ náà ṣe ń pariwo tó, ẹnu Dọ̀tun pariwo jù ú lọ. "Èmi kì í bẹ ẹnikẹ́ni! Apá mi ni mo fi ń jẹun!" Bí ìyá rẹ̀ bá ní kó bá òun lọ sí ìsìn, á ní, "Màámi, ẹ bá mi kí Jésù. Ẹ ní mo wà lórí ìrìn."

Opó ni ìyá náà, Màmá Cecilia. Ọ̀dọ̀ Dọ̀tun ló ń gbé. Láràárọ̀, kí ọmọ rẹ̀ tó jáde, á lọ sí ìdí ọkọ̀, á gbé ọwọ́ lé iná ẹ̀yìn ọ̀tún, á tún gbé e lé ti òsì, á máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Dọ̀tun ò bìkítà. Ìṣe àgbà ni, àbí?

Ó tún ní ọ̀rẹ́ kan, Henry, rìwáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Ìdímù. Láti kékeré ni àwọn méjèèjì ti jọ ń jẹun nínú àwo kan. Màmá Cecilia ló ń bu oúnjẹ náà fún wọn, òun ló tún ń là wọ́n bí wọ́n bá ń jà sí ẹran.

Ìgbà tó yá, iná ẹ̀yìn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ wèrè. Bí Dọ̀tun bá tẹ bírékì, dípò kí iná pupa tàn, iná tí wọ́n fi ń yà sọ́tùn-ún sósì ló máa ń ṣẹ́jú bíi ti ẹni tí ata ta sójú. Bó bá tan iná ńlá, iwájú á mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn á ṣú dùdù. Henry á tún un ṣe, á tàn bí ọ̀sán. Kò ní pẹ́, á tún kú. Wọ́n pààrọ̀ fíúsì. Wọ́n pààrọ̀ gílóòbù. Gílóòbù tí wọ́n pààrọ̀ yẹn, bí a bá tò ó láti Ẹ̀gbẹ́dá, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Jerúsálẹ́mù!

Ó sú Dọ̀tun. "Henry, mo fẹ́ gbé ọkọ̀ yìí lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn o."

Henry rí i pé ẹran fẹ́ bọ́ lẹ́nu òun. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Dọ̀tun, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣojú lásán o. Ta ló máa ń fọwọ́ kan iná yìí láràárọ̀?"

"Màámi ni."

"Hẹn-ẹn." Henry mi orí. "Èmi ò sọ nǹkan kan o."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́ tán!

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Dọ̀tun kó ẹrù ìyá rẹ̀ síta, lójú gbogbo àdúgbò.

"Ẹ̀yin lẹ di ọ̀nà mi! Àjẹ́ inú ilé!"

"Àdúrà ni mò ń gbà, Dọ̀tun. Mo ní kí Olúwa máa ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ."

"Àdúrà wo ló ń pa iná? Ẹ máa lọ!"

Rashidat, ará ilé kejì, ló gbé báàgì ìyá náà, tó sì mú un wọ yàrá tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí Dọ̀tun bá fẹ́ kọjá níwájú ilé Rashidat, ọ̀run ló máa ń wò.

Henry tún so iná náà. Iná tàn, Dọ̀tun sì gbà pé lóòótọ́, ìyá òun ni. Kò pẹ́, iná tún kú. Dọ̀tun ò tilẹ̀ mọ̀.

Ó ń bọ̀ láti Abúlé Ẹ̀gbá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n da òkun dojú dé. Ó tẹ bírékì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣú dùdù. Tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbá a wàà! Píkọ́ọ̀pù fò, ó já sínú gọ́tà. Bí kì í bá ṣe àwọn bẹ́ẹ̀dì fóòmù oníbàárà kan tó kó sẹ́yìn, inú pósí là bá ti máa kí i.

Awakọ̀ tírélà sọ̀ kalẹ̀, ó káwọ́ lérí. "Ọ̀gá, ọkọ̀ yín ò níná ni? Olúwa ló yọ yín! Mi ò rí yín rárá!"

Abraham ló wá fa ọkọ̀ náà jáde. Awakọ̀ píkọ́ọ̀pù lòun náà, ará ìjọ kan ní Ìdímù, ẹni tí Dọ̀tun máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Bíbélì rẹ̀ wúwo ju ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Abraham wólẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀. Ó mú wáyà kan, ó so orí rẹ̀ kan mọ́ ibi ẹ́ẹ̀tì bátìrì, níbi tí iná ń gbà padà, ó fi orí kejì kan irin ìdí iná ẹ̀yìn kan ṣoṣo tí kò fọ́. Pàà! Iná tàn.

"Ẹ́ẹ̀tì ni ò sí," Abraham ní. "Iná ń wọlé, kò rọ́nà padà, ló ṣe ń ya ilé onílé kiri."

Ó tọ wáyà ẹ́ẹ̀tì náà dé ibi tí wọ́n ti fi téèpù aláwọ̀ ewé wé e rèǹtè bí ọmọ tuntun. Ó tú u. Ẹ̀mú ni wọ́n fi gé wáyà inú rẹ̀, wọ́n kàn tẹ́ orí méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn; bí ọkọ̀ bá ti mì, wọn ò ní kanra mọ́.

"Àbí eku ni?" Dọ̀tun béèrè.

"Eku kì í gé wáyà kó tún fi téèpù dì í."

Nínú gbogbo ọgbà Ìdímù, Henry nìkan ló ń lo téèpù aláwọ̀ ewé. Ó ń gé wáyà kí oníbàárà má bàa gbàgbé ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ara Dọ̀tun kọ́kọ́ tutù. Lẹ́yìn náà ó gbóná. Ó rántí àwo tí wọ́n jọ ń jẹ. Ó fa sípánà yọ.

"Kúrò lọ́nà, Abraham! Ọbẹ̀ ìyá mi ló fi dàgbà, òun ló tún sọ ọ́ dàjẹ́! Màá fọ́ orí ẹ̀ lónìí!"

Abraham ò kúrò. "Ó dà ọ́, òótọ́ ni. Ó dun èmi náà. Ṣùgbọ́n Henry gé wáyà. Ta ló kó ẹrù Màmá síta lójú gbogbo àdúgbò?"

Dọ̀tun rẹ sípánà sílẹ̀ díẹ̀.

"Henry ò pe Màmá lájẹ̀ẹ́. Ìwọ lo fi ẹnu ara rẹ pè é."

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu tí ń jí gbogbo Ìkòtún wá gbẹ bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná.

"Abraham, ṣé Jésù lè gba irú mi? Ẹni tó lé ìyá tó ń gbàdúrà fún un?"

"Ẹni tó bá Jésù jẹun ló tà á. Ó mọ bó ṣe ń dùn ọ́. Àwọn tó sì ṣe ibi bẹ́ẹ̀ sí i náà ló kú fún. Wá, jàre."

Lórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti bàjẹ́, Dọ̀tun kúnlẹ̀. Kò mọ àdúrà. "Jésù, èmi ni mo burú. Kì í ṣe Henry nìkan. Ṣàánú mi." Ibẹ̀ ni ó ti bú sẹ́kún.

Ẹsẹ̀ kan náà ló fi lọ sílé Rashidat, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màmá Cecilia wò ó, wò ó.

"Bí mo bá jẹ́ àjẹ́, ṣé ìgbà tí o sanra, tí o rọ̀ mùkẹ̀-mùkẹ̀, kọ́ ni ǹ bá ti jẹ ọ́? Kí ni màá wá fi eegun lásán yìí ṣe?"

Rashidat bú sẹ́rìn-ín. Dọ̀tun ò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun wọlẹ̀.

"Ó dùn mí ju ìrọbí rẹ lọ, Dọ̀tun. Mo ti dárí jì ọ́ kí o tó dé. Ṣùgbọ́n má tíì fà mí dìde. Jẹ́ kí n sunkún mi tán ná."

Dọ̀tun jókòó tì í títí ìyá náà fi sunkún tán. Lẹ́yìn náà ló gbé báàgì rẹ̀, wọ́n jọ lọ sílé.

Ní ti Henry, nígbà tí Dọ̀tun lọ bá a lọ́wọ́ òfìfo láti sọ pé òun dárí jì í, ó fo odi tí ológbò ò lè fò, ó sá lọ. Kò tíì bẹ̀bẹ̀ títí dòní. Ó ṣì máa ń dun Dọ̀tun, kò purọ́ pé kò dun òun. Ṣùgbọ́n ó ń gbàdúrà fún un.

Ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ti da ìwọ náà rí. Mo mọ̀. Bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ẹni yẹn lo ń kà láàárọ̀, tí o tún ń kà á lálẹ́, kó má bàa kan kíka tìrẹ. Ìwọ ńkọ́? Ta ni ìwọ náà lé? Orúkọ ta lo bàjẹ́? Àbí Jésù lo ń kí láti ọ̀nà jíjìn, tí o ní o wà lórí ìrìn?

Tírélà kì í kọ̀wé sí ènìyàn pé òun ń bọ̀. Má sọ pé ó dọ̀la. Ibi tí o wà yìí náà tó, bó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù, bó jẹ́ ìdí ọkọ̀. Pe Jésù nísinsìnyí, pẹ̀lú ẹnu tí o fi dẹ́ṣẹ̀ náà. Kò ní kí o kọ́kọ́ lọ tún un ṣe kí o tó wá.