Àwáwù Búra Láìṣe Àlùwàlá

"Akọ̀wé kóòtù yẹn ló pa á! Ẹ wo bó ṣe ń búra!" Mọ́rìnọ́lá, ọ̀rẹ́ Àwáwù, ló pariwo nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́, níbi tí wọ́n ti fi ẹní dí fèrèsé lọ́sàn-án gangan kí sinimá lè hàn.

Sinimá ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni. Wọ́n bá Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó lókùú lórí àga. Akọ̀wé gbé Bíbélì sókè, ó búra èké; wọ́n yẹgi fún kúùkù tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, akọ̀wé náà ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ara rẹ̀ le koko.

"Kí ló dé tí Ọlọ́run ò mú un?" Àwáwù béèrè lọ́nà ilé.

"Bóyá kò fọwọ́," Mọ́rìnọ́lá fi ṣẹ̀fẹ̀. "Ìbúra ẹlẹ́gbin kì í jà!"

Àwáwù kò rẹ́rìn-ín. Sányán tí bàbá rẹ̀, Ràsáàkì, hun fún ìyàwó kan ní Ìlerò ló jí fi ṣe ìborùn wá wo sinimá. Ìṣó bẹ́ńṣì sì ti fà á ya. Ó ká a, ó tì í sábẹ́ òfì padà.

Nígbà tí Ràsáàkì rí i pé aṣọ náà ti ya, ó gbé Àlùkùránì jáde. "Gbogbo ẹni tó ń wọ ilé òfì yóò búra!"

Ńṣe ni Àwáwù mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti ṣe àlùwàlá. Èrò rẹ̀ ni pé ìbúra bẹ́ẹ̀ kò lè mú ènìyàn. "Wàláhì, n kò fọwọ́ kàn án."

Ó kan Sàrátù, opó ará Ìwéré-Ilé tó ń bá wọn ká òwú. Ó kọ̀.

"Bàbá Àwáwù, ẹ jọ̀ọ́. Ọkọ mi ní kí n má fi orúkọ Ọlọ́run búra nítorí aṣọ láé. N kò ya á."

"Ó ti hàn! Ọ̀daràn ń sá fún ìwé. Di ẹrù ẹ!"

Àwáwù la ẹnu, ó tún pa á dé. Sàrátù sì lọ nínú òjò, sílé ọkọ rẹ̀ tí òrùlé ti jábọ́.

Fún ọjọ́ méje, Àwáwù ń wo ikùn rẹ̀ bóyá yóò wú bí wọ́n ṣe ní ti abúra-èké máa ń wú. Kò wú. Orí kò tilẹ̀ fọ́ ọ. Ibi tí Sàrátù ti máa ń ká òwú ni kò lè wò mọ́. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, ó wólẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó jẹ́wọ́. Ràsáàkì kò nà án. Ó gbé e sẹ́yìn alùpùpù, ó di Ìwéré-Ilé.

Ibojì tuntun ni wọ́n bá.

"Òtútù ló pa á," Jẹ́ẹ́dé, àbúrò ọkọ Sàrátù, wí. "Ẹ̀bẹ̀ lẹ wá bẹ̀? Ó yá, ẹ bẹ̀ ẹ́. Òun nìyẹn."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, Ọlọ́run kì í ṣe ọlọ́pàá tí a lè fi ọgbọ́n yẹ̀ sílẹ̀. Kò dìgbà tí ikùn òpùrọ́ bá wú kí Ọlọ́run tó mọ òtítọ́. Irọ́ tí kò bá pa ẹni tó pa á, aláìṣẹ̀ ló ń pa.