Ta Ló Pe Màmá Ní 'Ìwọ'?

"Èmi! Èmi lo wá ń pè ní ìwọ!"

Nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ló ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù aránṣọ rẹ̀, ó na fóònù síwájú bí ẹni tó ká olè mọ́. Aránṣọ sọ àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sáàárín àjákù aṣọ.

"Màmá, ẹ má bínú. Kí ni mo ṣe?"

"Ka ohun tí o kọ sí mi!"

Aránṣọ kà á: "'Mo wà nílé ìwòsàn. Fi owó ránṣẹ́ kíá, màá dá a padà fún ọ lọ́la.' Háà! Màmá, èmi kọ́! Ṣé mo ti sọ 'fún ọ' sí yín rí?"

"Ohun tó gbé mi dìde nìyẹn. Mo ní bóyá abẹ́rẹ́ ti gún ọ lọ́pọlọ. Àwọn aláìlójútì! Àìsàn ni wọ́n tún fi ń purọ́!"

Aránṣọ ṣí fóònù tirẹ̀. Wásáàpù ti tì í síta.

Ọmọbìnrin rẹ̀, tó ń lọ aṣọ nídìí tábìlì, ò lè gbé ojú sókè. "Màmi, èmi ni."

Láàárọ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ̀wé sí i lórí fóònù màmá rẹ̀ pé òun máa fi í sínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń pín ìbéèrè ìdánwò. Kó ṣáà fi nọ́ńbà tí Wásáàpù bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù náà ránṣẹ́ sí òun. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ nọ́ńbà ọ̀hún pé kó má fi han ẹnikẹ́ni. Ó fi ránṣẹ́. Àṣé olè ti gba Wásáàpù ọ̀rẹ́ náà ṣáájú, nọ́ńbà yẹn ló sì fi gba ti màmá rẹ̀.

Aránṣọ ò nà án. "Wọ bàtà rẹ, ká lọ kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà. Orúkọ tí mo ti ń fi abẹ́rẹ́ rán látọjọ́ pípẹ́ wá, òun ni wọ́n fi ṣe àpò olè!"

Ọ̀dọ̀ oníbàárà kan tó máa tó ṣègbéyàwó ni wọ́n kọ́kọ́ yà. Ó ti fi owó ránṣẹ́ sí olè náà, àánú ló ṣe é.

"Orúkọ yín ni mo rí, ẹ̀yin ni mo ṣàánú," ló wí. "Ẹ bá mi kó aṣọ ìgbéyàwó mi wá, bó ṣe wà yẹn."

Aránṣọ ní òun á kó o wá. Ó ń bẹ̀rù pé bí gbogbo oníbàárà òun yóò ṣe lọ nìyẹn.

Nílé kejì, ọmọ náà ló sáré kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ káàsán, mà. Tí ẹ bá rí àtẹ̀jíṣẹ́ lórúkọ màmá mi, olè ni. Ẹ má fi nǹkan kan ránṣẹ́, owó tàbí nọ́ńbà. Ẹni yòówù kó béèrè, ẹ kọ́kọ́ pè é, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Èmi ò pe ọ̀rẹ́ mi kí n tó fi nọ́ńbà ránṣẹ́. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún wọn."