Oyèbọ̀dé Lọ Wádìí Orúkọ Ìyá Ọ̀tá Rẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi, ta ló ṣẹ̀ ọ́ tí o ń dì í sínú? Fìdí kalẹ̀, ìwọ gan-an ni mo ń bá wí.

Ọmọ Ọ̀bà-Àkókó ni Oyèbọ̀dé. Ìwàrò-Ọ̀kà ló háyà yàrá sí, ibẹ̀ ló ti ń lọ sí yunifásítì. Ó ń kọrin nínú kúáyà, ó sì mọ àdúrà gbà débi pé Pásítọ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Pásítọ̀ lẹ́nu o! Kò tíì mọ Jésù rárá.

Ọdún tó yẹ kó ṣe tán ni wàhálà dé. Olùkọ́ rẹ̀ kan, Dókítà Abọ́dẹrìn, ṣe àṣìṣe níwájú kíláàsì, Oyèbọ̀dé sì tún un ṣe. Olùkọ́ náà fàbínú yọ. Ó ní ṣé ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń kiri gààrí ni yóò wá kọ́ òun níṣẹ́? Ó lé e jáde, gbogbo kíláàsì sì fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí èsì ìdánwò olùkọ́ náà jáde, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yege, òun fìdí rẹmi. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, ìwà ìkà ni olùkọ́ yẹn hù.

Hephzibah, ọmọbìnrin onígbàgbọ́ kan tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà, bá a sọ̀rọ̀. Ó ní olórí ẹ̀ka wọn wà níbẹ̀, ọ́físì tó ń gbọ́ ẹjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wà, bí ọkàn rẹ̀ bá sì wúwo, àwọn tí yunifásítì gbà pé kí wọ́n máa gbani nímọ̀ràn wà. Ó ní òun á tẹ̀ lé e lọ. Ó tún ní kó gbé ọkàn rẹ̀ fún Jésù, nítorí ìkórìíra ti ń jẹ ẹ́ run.

Oyèbọ̀dé pòṣé. "Hephzibah, mi ò wá ìrànlọ́wọ́. Mo fẹ́ kí ìyá ọkùnrin yẹn sunkún bí ìyá mi ṣe sunkún."

Ó gbé ẹjọ́ tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ olóògùn kan lórí òkè. Ọkùnrin náà ní ẹyin adìẹ kan ti tó. Kó pe orúkọ ọ̀tá rẹ̀ sí i lọ́sàn-án gangan, kó fọ́ ọ mọ́ àpáta, ọ̀tá á kú, ó parí. Ṣùgbọ́n o kúkú mọ bó ṣe ń rí nílẹ̀ wa: ire ni o, ibi ni o, bí a kò bá fi orúkọ ìyá kún orúkọ ọmọ, a kò tíì pè é. Olóògùn náà sì ní orúkọ tí bàbá ìyá náà sọ ọ́ gan-an lòun fẹ́.

Láti ọjọ́ náà, Oyèbọ̀dé ń fi ẹ̀san jẹun, ó ń fi sùn. Bí olùkọ́ náà bá wa mọ́tò kọjá, á rẹ́rìn-ín sínú, á ní, máa wà á lọ, ó kù díẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó wọ aṣọ kúáyà, ó kọrin ìfẹ́ Ọlọ́run. Ẹnu lásán mà ni o!

Ó wọ mọ́tò lọ sí Ìkàrẹ́, ìlú olùkọ́ náà, ó béèrè ilé ìyá Dókítà. Ó bá ìyá arúgbó náà níta, ó ń pa ẹ̀gúsí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dárúkọ ara rẹ̀, ó ní ọmọ màmá ló ń kọ́ òun, ó sì purọ́ pé ọmọ náà ló ní kí òun yà kí màmá. Inú màmá dùn, ó fún un ní iṣu sísun àti epo. Ó jẹ ẹ́ o! Ẹni tó fẹ́ pa ọmọ rẹ̀ jókòó, ó jẹ iṣu rẹ̀.

Ibi tó ti ń ro bí yóò ṣe gbé ìbéèrè rẹ̀ kalẹ̀ ni màmá ti wo ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi, ara rẹ ò yá gágá. Kí lorúkọ ìyá tó bí ọ?"

Oyèbọ̀dé ní Lucy ni. Màmá gbọ́wọ́ lé e lórí.

"Oyèbọ̀dé ọmọ Lucy, o ò ní kú léwe. Lucy ò ní sunkún rẹ." Ó nu ojú ara rẹ̀. "Ìwọ náà bá mi gbàdúrà fún tèmi. Rachel ni wọ́n sọ mí nígbà tí mo ṣèrìbọmi, ṣùgbọ́n Limota ni bàbá mi sọ mí. Abọ́dẹrìn ọmọ Limota ni kí o máa pè é. Mo mọ̀ pé ó le. Òun nìkan ló kù fún mi."

Ṣé o rò pé ó ronú pìwà dà níbẹ̀? Rárá o! Lọ́jọ́ kejì, ó gun òkè lọ. Oòrùn wà ní àtàrí, ẹyin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó la ẹnu kó pe Abọ́dẹrìn, ṣùgbọ́n àdúrà màmá ló ń dún létí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Ẹ̀mí Mímọ́ fi apànìyàn hàn án, kì í sì í ṣe olùkọ́ rẹ̀. Olóògùn ń pariwo pé kó ṣe é kíá. Oyèbọ̀dé gbé ẹyin sílẹ̀, ó sì sá sọ̀ kalẹ̀.

"Apànìyàn ni mí," ló sọ fún Hephzibah lẹ́nu ọ̀nà.

Hephzibah kò jà á níyàn. Ó ní ẹni tó bá kórìíra èèyàn ti pa á lójú Ọlọ́run, ṣùgbọ́n irú wọn gan-an ni Jésù kú fún, kódà ó gbàdúrà fún àwọn tó kàn án mọ́gi. Oyèbọ̀dé kúnlẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ará ilé ń kọjá, kò bìkítà. Ó sunkún, ó tọrọ ìdáríjì, ó sì fi Abọ́dẹrìn lé Jésù lọ́wọ́. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, àwọn méjèèjì lọ sí ọ́físì. Wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀, wọ́n ní kí olùkọ́ mìíràn yẹ ìdánwò rẹ̀ wò, ó sì yege. Abọ́dẹrìn kò bẹ̀ ẹ́ títí dòní. Oyèbọ̀dé dárí jì í láìbẹ̀. Ó padà sí Ìkàrẹ́, ó dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́ ohun tó gbé e lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Màmá sunkún, ó sì ní kó dìde.

Ìwọ ńkọ́? Bí wọ́n bá rẹ́ ọ jẹ, gbé ẹjọ́ rẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ, Ọlọ́run kò ní kí o dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ́físì wo ni yóò wẹ ẹ̀ṣẹ̀ ìwọ fúnra rẹ? Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló lè ṣe é. Ìkà ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ kò ní gbé ọ dé ọ̀run. Ó lè ronú pìwà dà kí ilẹ̀ òní tó ṣú, kó wọlé sínú ògo, kí ìwọ wà lóde pẹ̀lú àre lọ́wọ́. Má jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí o ti ń ka ìwé yìí, kúnlẹ̀ síbẹ̀, kí o sì ké pe Jésù báyìí.