Maurice Méjì, Owó Ìfẹ̀yìntì Kan

"Olójúkòkòrò! Owó oògùn ojú Bàbá tí mo fún ọ, ibo lo gbé e sí? Ṣé o ti gbé e mì ni?"

Bérénice ló ń lọgun bẹ́ẹ̀ nínú yàrá àbúrò rẹ̀ ní Williamsville, àdúgbò kan ní Abidjan, débi pé àwọn ará ilé ti ń yọjú lójú fèrèsé. Judith, àbúrò rẹ̀, kò dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Ẹ ò fún mi lówó kankan."

"Bàbá, ẹ ò gbọ́ bí? Ó ń pè mí lópùrọ́ lójú yín!"

Bàbá wọn, Maurice, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ bo ojú òsì tó ti ń kú lọ. Ó mí kanlẹ̀. "Judith, mo kábàámọ̀ pé abẹ́ òrùlé rẹ ni mo fi orí mi pamọ́ sí."

Ọ̀rọ̀ náà gún Judith lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀: ọ̀dájú ènìyàn ni Bérénice! Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Sákétè ní ilẹ̀ Benin ni Maurice ti kọ́ ọmọ fún ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, ó kó wá sí Abidjan kó lè sún mọ́ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì. Bérénice ń gbé ilé ńlá ní Riviera, àdúgbò àwọn olówó, pẹ̀lú Bérenger ọkọ rẹ̀, ó ní ilé òun ò gba arúgbó. Ọ̀dọ̀ Judith, opó tó ń rán aṣọ ilé ìwé, ni Bàbá bọ́ sí. Síbẹ̀, nítorí pé Bérénice ni àkọ́bí, òun ni Bàbá ní kí owó ìfẹ̀yìntì òun máa gba ọwọ́ rẹ̀ wọlé láti Benin. Kò pẹ́ tí Bérénice fi mú ìròyìn wá.

"Bàbá, wọ́n ti dá pánsíọ̀n yín dúró o! Wọ́n ní ẹni tó bá fi ìlú sílẹ̀ ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i mọ́."

Bàbá gbà á gbọ́. Ta ní í fura sí àkọ́bí ara rẹ̀? Láti ọjọ́ náà, Judith ló ń bọ́ ọ, Bérénice tó ń gbé búrẹ́dì wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gba ọpẹ́. Judith ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ méjì kó lè ra oògùn ojú, kò sì sọ fún Bàbá.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan rí títí Adéṣọpẹ́, ọ̀rẹ́ Bàbá, fi dé lẹ́yìn ìjà ọjọ́ náà. Òun àti Maurice ti jọ kọ́ni ní Sákétè rí, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Abidjan lòun náà wá fẹ̀yìntì sí. Bí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ pánsíọ̀n, ẹ̀rín pa á.

"Wọ́n dá kín ni dúró? Ṣé èmi ò fi ìlú sílẹ̀ ni? Oṣooṣù ni tèmi ń wọlé! Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé ká máa fara hàn lọ́dọọdún pé a ṣì wà láàyè. Lọ́la gan-an ni ọjọ́ tí wọ́n pè wá sí ọ́fíìsì àwọn aṣojú ìjọba Benin níbí."

Bàbá ń mi orí. "Bérénice ò lè ṣe irú ẹ̀. Àbí Judith..."

Ẹ wo arúgbó yìí! Ẹni tó ń bọ́ ọ ló tún ń fura sí!

Judith gbé omijé mì. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé wọn lọ. Bó bá jẹ́ èmi ni, kí àṣírí mi tú níbẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn arúgbó kún orí bẹ́ǹṣì ní ọ́fíìsì náà. Bàbá wò yíká. "Bérénice mú mi wá síbí lọ́dún tó kọjá! Ó ní wọ́n ń ka àwọn ará ìlú wa ni. Ìbéèrè tí mo ń bi í bí i nínú títí a fi délé." Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí òṣìṣẹ́ kan pe orúkọ.

"Maurice Alápínní!"

"Présent! Mo wà níbí!"

Kì í ṣe Bàbá ló dáhùn! Arúgbó mìíràn ló dìde níwájú, fìlà Bàbá wà lórí rẹ̀, èyí tí Bérénice ní òun mú lọ fọ̀. Bérénice alára di apá rẹ̀ mú bí ọmọ rere.

Judith di ọwọ́ Bàbá mú. Ó ti mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ń purọ́, kò mọ̀ pé irọ́ náà lè tó báyìí.

"Èmi ni Maurice!" Bàbá kígbe. "Ta nìyẹn?"

Bérénice yíjú padà, ojú rẹ̀ ṣú. "Ọ̀gá, ẹ má dá a lóhùn! Orí arúgbó yẹn ti dàrú, mi ò mọ̀ ọ́n rí!"

Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì yíjú sí Bàbá.

"O ò mọ̀ mí rí?" Bàbá béèrè, ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọdé.

Adéṣọpẹ́ fò dìde. "Èmi mọ̀ ọ́n! Ilé ìwé kan náà la ti kọ́ni. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ìwọ aláìmoore yìí lórúkọ!"

Ni ayédèrú Maurice bá ṣí fìlà, ó wólẹ̀ gbalaja. "Ẹ dákun! Patrice ni mí, Vridi ni mò ń gbé. Obìnrin yìí ló bẹ̀ mí. Ó ní bàbá òun ti kú, kí n dúró fún un kí owó má bàa dúró!"

Èèmọ̀ ńlá! Ó sin bàbá rẹ̀ láàyè!

Àwọn òṣìṣẹ́ ti ilẹ̀kùn. Bérénice rọ̀ mọ́ ìró Judith. "Ọmọ ìyá mi, bá mi bẹ Bàbá! Kí wọ́n sọ pé àwọn ló rán wa! Wọn ó tì mí mọ́lé!"

Judith já ìró rẹ̀ gbà. Ó rántí gbogbo èébú tó ti gbé mì. "Ẹ̀gbọ́n, ojú kan ló kù fún Bàbá. Ẹ lọ dúró síwájú ojú náà, kí ẹ fẹnu ara yín bẹ̀ wọ́n."

Òṣìṣẹ́ náà kọjú sí Bàbá. "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ rán wọn?"

Bàbá wo Bérénice. "Ọmọ ọlọ́mọ ni mo máa ń nà nítorí irọ́. Mi ò rán ẹnikẹ́ni."

Bí ọlọ́pàá ṣe kó Bérénice àti Patrice lọ nìyẹn. Bérenger, tó rò pé èrè òwò ni ìyàwó òun ń ná, ta mọ́tò àti góòlù obìnrin náà láti fi dá owó padà, ó sì kó ẹrù rẹ̀ síta. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ yóò bá a! Owó Bàbá ń bọ́ sí ọwọ́ ara rẹ̀ báyìí. Dókítà gba ojú ọ̀tún là, ti òsì ti lọ. Nígbà tí ará ilé kan sì sọ fún Bàbá pé Judith ta ẹ̀rọ ìránṣọ kan nítorí oògùn ojú, ó ṣí fìlà níwájú ọmọ rẹ̀.

"Judith, mo ṣẹ̀ ọ́. Dárí jì mí."

Judith kúnlẹ̀ wìì. "Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Mo ti gbàgbé."

Nígbà tí wọ́n tú Bérénice sílẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, ó rù hangogo. Judith wọlé lọ bá a bẹ Bàbá.

Bàbá kò gbé orí sókè. "Lọ sọ fún un pé mo ti kú. Òun fúnra rẹ̀ ló kéde ikú mi."

Judith padà síta, kò lè sọ ọ́. Ó dúró ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí tí ìyẹn fi gbọn eruku eékún rẹ̀, tó sì bọ́ sí títì.