Ẹgbẹ́ Olè Inú Géèmù

"Karimot, ṣé ó dá ẹ lójú?" Débọ́lá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Inú ilé kọ̀m̀pútà Uncle Bartholomew ní Ìkòsì ni wọ́n wà, wọ́n dúró sẹ́yìn àwọn ọmọkùnrin tó ń gbá géèmù. Nínú ọjà inú géèmù náà, ẹrù kàn máa ń di àwátì ni, ẹnikẹ́ni kì í rí olè. Àwọn tó ń gbá a káàkiri ayé ń jiyàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ẹgbẹ́ olè kan fara pamọ́ síbẹ̀. Àwọn kan ní abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n wà. Àwọn mìíràn ní ọba gan-an ni olórí wọn.

"Wo apẹ̀rẹ̀ tó ní àkísà pupa yẹn," Karimot ní. "Wọn kì í jí i. Lọ́jà wa ní Mile 12, tí lọ́rí bá dé láti òkè Ọya, àkísà la fi ń mọ apẹ̀rẹ̀ tòmátì oníkálùkù. Àwọn olè ló ni àkísà yẹn. Wọn ò sá pamọ́ rárá, àwọn tó ń tajà nínú géèmù yẹn gan-an ni olè!"

"Kari, o mà lọ́gbọ́n o! Àwọn bọ́ìsì á gbà fún ẹ."

Ohun tó ń wu Karimot nìyẹn. "Onítòmátì" ni wọ́n máa ń pè é níbẹ̀, wọn kì í sì jẹ́ kó jókòó sídìí kọ̀m̀pútà. Òun àti Débọ́lá ṣàdéhùn pé orúkọ àwọn méjèèjì ni wọn yóò fi gbé àbá náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Sátidé, tí Karimot bá ti bá ìyá rẹ̀ ta tòmátì tán.

Ní Sátidé, bó ṣe sáré wọlé ló gbọ́ ariwo: "Débọ́lá, you too much!" Ó yọjú wo kọ̀m̀pútà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àti àkísà àti lọ́rí òkè Ọya. Orúkọ Débọ́lá nìkan ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Débọ́lá, èmi ńkọ́?"

Kò wo ojú rẹ̀. "Ìwọ báwo? Kí ló kan onítòmátì nínú géèmù?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó dun Karimot wọra. Ó ti pẹ́ táwọn yòókù ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹnu Débọ́lá, tí wọ́n jọ ń pín búrẹ́dì jẹ láti JSS 1, ni kò rò pé òun yóò ti gbọ́ ọ.

Ni ìbéèrè ẹnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bá jáde lójú kọ̀m̀pútà: kí ló dé táwọn apẹ̀rẹ̀ kan fi ní àkísà méjì? Gbogbo wọn wo Débọ́lá. Débọ́lá wo Karimot. "Kari, jọ̀ọ́..."

"Ṣebí ìwọ lo ronú ẹ̀?" Uncle Bartholomew bi í. Ó nawọ́ sí àga tí Débọ́lá jókòó sí. "Dìde níbẹ̀. Karimot, wá jókòó."

Karimot fi ìka kan tẹ ìdáhùn: lọ́jà tiwọn, àkísà kejì fi hàn pé wọ́n ti ta apẹ̀rẹ̀ náà, ẹni tó rà á ló kù kó wá gbé e. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Àwọn ọmọkùnrin náà dúró ti irú apẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú géèmù. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan yọ, tó gbé e lọ. Ilé hó yèè.

Inú Karimot kò dùn tó bó ṣe rò. Ẹni tó yẹ kó bá a yọ̀ ti yọ́ jáde.

Láti ọjọ́ náà, bí Débọ́lá bá ti wọlé, kálukú á pa ẹnu rẹ̀ mọ́, kó má bàa jí àbá tiwọn náà. Ó bẹ Karimot títí. Karimot ní òun ti gbọ́, àmọ́ kò bá a pín búrẹ́dì mọ́.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe jí ọgbọ́n ọ̀rẹ́ yín láti fi gba ìyìn, torí ìyìn náà kì í pẹ́ tán, ọ̀rẹ́ ọ̀hún á sì ti lọ. Karimot ń wá olè inú géèmù, àṣé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni olè tirẹ̀ dúró sí.